Ilẹ̀ Tó Gba Ibi Ọmọ-Ọmọ Mi

  

Láti ìgbà tí mo ti ti Ọsirélíà dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí. Àwọn ọmọdé ń bèèrè kangarú, mo sì rí i, ó ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà ń bèèrè ni pé, "Ìyá, ṣé òrìṣà ń gbọ́ wa lọ́hùn-ún? Ṣé ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣì lè jẹ́ ọmọ wa?" Mi ò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ̀yin náà bá mi wò ó.

Melbourne ni ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Victoria, lápá gúúsù ilẹ̀ náà. Oyún ló gbé mi lọ, oyún àkọ́bí. Ìparí oṣù kẹta ni mo dé ibẹ̀, ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo padà wálé. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ níbí, ọ̀sán ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni òtútù wọn, ìgbà tí àwa ń wọ inú ọyẹ́ ni ooru tiwọn ń mú. Gbogbo nǹkan ló dà bí ẹni dojú dé, àfi ìkókó. Bí ìkókó ṣe ń sunkún níbí náà ló ń sunkún níbẹ̀.

Ẹnu ibodè

Nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n fún wa ní ìwé kan pé kí kálukú kọ ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀: oúnjẹ, èso, irúgbìn, ewé, igi, awọ ẹran, àní iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà. Ọmọ mi ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé ẹni tó bá kọ òótọ́ kì í ní wàhálà, ẹni tó bá fi pamọ́ ló ń san owó ìtanràn. Mo kọ gbogbo rẹ̀: obì, orógbó, atare, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ funfun. Ọmọkùnrin tó yẹ ẹrù mi wò kò pariwo mọ́ mi. Ó ya obì, orógbó àti atare sọ́tọ̀, ó ní wọn ò lè wọlé. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun mi padà fún mi tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Obì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣà ni. Ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ mi ṣàlàyé fún mi nínú mọ́tò bí a ṣe ń lọ sílé. Ó ní lọ́dún 1859, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Austin tú ehoro mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ nítòsí Winchelsea, kò jìnnà sí Melbourne, kó lè máa rí ohun dọdẹ. Ehoro wọ̀nyẹn bí, wọ́n sì ń bí, títí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà kan. Wọ́n jẹ koríko tán, wọ́n jẹ ohun ọ̀gbìn àwọn àgbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri, títí di òní sì ni wọ́n ń bá wọn jà. Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí wọ́n máa fi ojú méjèèjì ṣọ́ ibodè wọn. Mo ní ìyẹn yé mi. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ gbé wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè.

Ìgbé-ayé ojoojúmọ́

Ilé wọn kò jìnnà sí Footscray, lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ẹ ò rí ọjà! Àwọn ará Vietnam pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Ethiopia wà, àwọn tiwa náà wà. Mo rí epo pupa, mo rí ẹ̀gúsí, mo rí èlùbọ́. Nínú ìgboro, tíráàmù ni wọ́n ń wọ̀, ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin láàárín títì. Irin rẹ̀ gùn tó bíi kìlómítà 250, wọ́n ní kò sí ìlú tí tirẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ní àárín gbùngbùn ìlú, ọ̀fẹ́ ni. Èmi a wọ̀ ọ́, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá yí ìlú ká láìná kọ́bọ̀, màá sì tún padà.

Ohun kan wà tó wù mí púpọ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, tọmọdé tàgbà, àní bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ké e jáde kó lè gbọ́. Ẹni tó gbé ọ débi tó ò ń lọ, o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn.

Èyí tí kò wù mí ni orúkọ pípè. Ọmọ ọdún márùn-ún á la ẹnu, á pe ẹni tó lè bí ìyá rẹ̀ lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Obìnrin arúgbó kan ló ń gbé ilé kejì sí wa, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní kí ọmọ mi máa pe òun lórúkọ. Ọmọ mi ní òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, "Màmá" ló ń pè é, títí ìyá náà fi gbà. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn sí i. Igi lẹ́mọ́ọ̀nù kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Ó máa ń na ọwọ́ kọjá ọgbà, á kó lẹ́mọ́ọ̀nù fún wa kún báàgì.

Bí wọ́n bá pè yín sí àríyá níbẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ mú àwo kan dání, ẹ má gbé àwo òfìfo lọ o! Oúnjẹ ni wọ́n ń sọ. Kálukú á gbé tirẹ̀ wá, gbogbo wọn á jọ jẹ ẹ́. Àkàrà ni mo gbé lọ, kí ẹran orí iná tó jinná, àkàrà ti tán. Lópin ọ̀sẹ̀, níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta òòlù àti ìṣó, ẹ óò rí àwọn èèyàn tó ń dín sọ́séèjì, wọ́n á fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan wé e, wọ́n á fi àlùbọ́sà díndín sí i. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ara wọn. Ti ilé-ìwé ni, tàbí ti ẹgbẹ́ eléré, tàbí ti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa pa iná igbó. Ẹ̀bùn ni wọ́n ń rà jẹ.

Bọ́ọ̀lù wọn ńkọ́? Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa. Ó gùn bí ẹyin, àwọn méjìdínlógún ló ń gbá a lápá kan, wọ́n ń fi ọwọ́ mú un, wọ́n ń fò gun ara wọn léjìká. Pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní MCG ń gba 100,000 èèyàn. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti apá Footscray, Bulldogs, aṣọ pupa, funfun àti aláró ni wọ́n ń wọ̀. Mo ní bí Ṣàngó àti Ọbàtálá bá ti jọ wà lára aṣọ kan, èmi náà ti di ọmọ ẹgbẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tún wà tí mi ò lè gbàgbé, 25 oṣù kẹrin. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń rántí àwọn ọmọ ogun wọn tó gúnlẹ̀ sí Gallipoli lọ́dún 1915, tí púpọ̀ nínú wọn kò padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń pé jọ sí ibi ìrántí ńlá tó wà nígboro, nínú òkùnkùn, nínú òtútù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Wọ́n fun kàkàkí, gbogbo wọn sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rí ọmọkùnrin kékeré kan tó fi àmì ẹ̀yẹ bàbá ńlá rẹ̀ sí àyà ọ̀tún. Mo ní ẹni tó bá sọ pé òyìnbó kì í rántí òkú rẹ̀, kó wá wo èyí.

Àwọn onílẹ̀

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró gan-an ni èyí. Ní ilé-ìwé, ní ìpàdé, níbi eré bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ kankan, ẹnì kan á kọ́kọ́ dá orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, á sì júbà àwọn àgbà wọn, àwọn tó ti lọ àti àwọn tó wà láàyè. Mo bi ọmọ mi pé, "Ta ló kọ́ wọn ní ìjúbà?"

Lápá ibi tí a wà, àwọn Wurundjeri àti àwọn Bunurong ni onílẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí à ń pè ní Kulin. Bunjil, idì ńlá, ló dá ilẹ̀ àti èèyàn lọ́dọ̀ wọn. Waa, kannakánná, ni ẹnì kejì. Ìdílé idì àti ìdílé kannakánná ni gbogbo wọn, ẹni tó bá jẹ́ ti idì, ti kannakánná ló gbọ́dọ̀ fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èèwọ̀ orílẹ̀ yín, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín?

Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní onílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ilẹ̀ tí èèyàn ti ń gbé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún! Orí irọ́ yìí ni òfin wọn dúró lé títí di ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1992, tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wó o lulẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Eddie Mabo, ọmọ erékùṣù Mer, pè. Mabo fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù kìíní ọdún yẹn. Kò gbọ́ ìdájọ́ náà létí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ló ti jinná. Ìjọba gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá onílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́dún 2008 ni olórí ìjọba Kevin Rudd tó dìde ní ilé ìgbìmọ̀ tó tọrọ àforíjì. Lọ́dún 2023, wọ́n dìbò bóyá kí àwọn onílẹ̀ ní ìgbìmọ̀ kan tí òfin àgbà mọ̀, tí yóò máa gba ìjọba nímọ̀ràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ará ìlú ní rárá. Ìjúbà wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, ìjọba ìbílẹ̀ wa pe ará àdúgbò jọ, àwọn onílẹ̀ fẹ́ kí àlejò káàbọ̀. Ikùn ọmọ mi ti yọ gan-an. Ìyá àgbà kan ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi: ní ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti ń pe ara wọn lórúkọ yìí, àwọn onílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Auntie" ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin, "Uncle" ni ti ọkùnrin. Mo ní, háà, mo ti délé.

Auntie náà dá iná, ó kó ewé tútù lé e, èéfín funfun ń rú. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba inú èéfín kọjá. Ó fa ewé igi kan lé wa lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá gbà á, ilẹ̀ ti gbà á, láti ṣóńṣó orí igi títí dé gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n àdéhùn méjì ni Bunjil fi sílẹ̀ fún àlejò: má ṣe ba ilẹ̀ àti omi mi jẹ́, má ṣe pa àwọn ọmọ mi lára.

Nígbà tó parí, mo kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ mi ń túmọ̀. Mo ní, "Auntie, ọmọ kan ń bọ̀. Àṣà wa ni ká rì ibi ọmọ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ yín ló sì máa jẹ́. Mo wá sọ fún yín ni." Ó wò mí títí, ó ní kí n dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní òun nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo àwọn tòun, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́, òun sì dúpẹ́ pé a bèèrè, pé àwọn tó ń bèèrè kò pọ̀. Ó wá bèèrè ọjọ́ tí ọmọ ń bọ̀.

Ibi ọmọ àti orúkọ ọmọ

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ni obìnrin dé, ní òru òjò. Oore Yèyé ò! Ilé ìwòsàn ti bèèrè tẹ́lẹ̀ bóyá a fẹ́ ibi ọmọ. A tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n gbé e fún wa nínú ike tó ní ìdérí.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n háyà rẹ̀ ni. Èmi fẹ́ ká gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọkọ ọmọ mi ní bí onílé bá ní ká kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ìkòkò òdòdó ńlá ló fẹ́ ká fi sí, ká gbin igi lé e lórí, kó lè máa bá wọn lọ. Inú mi kò dùn. Mo ní irú ibi wo ni yóò máa ṣí kiri bí ẹrù? Ọmọ mi dákẹ́ láàárín àwa méjèèjì, ọmọ ń mu ọyàn.

A pe bàbá wọn nílé lórí WhatsApp. Babaláwo ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí ni wọ́n ń fi ibi ọmọ sí láyé àtijọ́ kí wọ́n tó rì í?" Mo ní ìkòkò amọ̀ ni. Ó ní, "Ṣé ihò wà nídìí tiyín lọ́hùn-ún?" Ọkọ ọmọ mi ní ó wà. Bàbá ní, "Ẹ gbé e lé ilẹ̀ gangan, ẹ má gbé e lé sìmẹ́ǹtì. Omi tí ẹ bá bù sí i yóò máa bá ihò yẹn wọ ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ á mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ tán. A lo ìkòkò amọ̀, erùpẹ̀ ibẹ̀ la bù sí i. Màmá ilé kejì ló fún wa ní igi lẹ́mọ́ọ̀nù kékeré tí a gbìn lé e lórí.

Ọjọ́ kẹta, bàbá ṣe ẹsẹ̀ńtayé nílé. Aago méje àárọ̀ ni níbí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, a gbé ẹsẹ̀ ọmọ síwájú fóònù. Ọjọ́ keje, a sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà orúkọ Ọ̀ṣun wà nínú tirẹ̀. Oyin wà, oyin tí kòkòrò fà lára òdòdó igi yukalíptọ́ọ̀sì tó kún ilẹ̀ náà. Iyọ̀ wà, epo wà, omi wà. Obì ni kò sí. Agbọn ni a rà ní Footscray. Àwọn tiwa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò rí obì níbẹ̀, agbọn mẹ́rin ni wọ́n fi ń bi òrìṣà títí di òní, òrìṣà sì ń dá wọn lóhùn. A là á sí mẹ́rin, a jùbà, a dà á. Ó yàn. Ọmọ mi bú sẹ́kún, èmi náà.

Odò tó ní orúkọ

Omi tí a fi sọ ọmọ lórúkọ, omi ẹ̀rọ ni. Mo bèèrè ibi tó ti ń ṣàn wá. Wọ́n ní púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti òkè odò tí wọ́n ń pè ní Yarra, nínú igbó kan tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ gbogbo èèyàn láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kí omi má bàa dọ̀tí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Igbó àìwọ̀ ni! Wọn kàn ń pè é ní orúkọ mìíràn ni.

Yarra kọ́ ni orúkọ odò náà. Òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ lọ́dún 1835. Birrarung ni àwọn Wurundjeri ń pè é. Lọ́dún 2017, ìjọba Victoria ṣe òfin kan tó ní èdè Wurundjeri nínú àkọlé rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a mú kí Birrarung wà láàyè. Òfin náà sọ pé odò náà, láti orísun dé òkun, ohun alààyè kan ṣoṣo ni, ó sì fi àwọn onílẹ̀ sínú ìgbìmọ̀ tó ń gbẹnu sọ fún un. Àwọn aṣòfin ló jókòó sínú kóòtù àti táì tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé odò ní ẹ̀mí. Ohun tí àwọn kan fi ń pè wá ní kèfèrí nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, a wọ funfun, a lọ sí ibi tí odò kékeré Merri ti wọ inú Birrarung, níbi tí omi ti ń ya lórí àpáta. Omi náà pọ́n bí tíì. Lókè odò díẹ̀, àwọn àdán ńláńlá so rọ̀ sórí igi, wọ́n ń pariwo. Mi ò pe Birrarung ní Ọ̀ṣun. Mo kí i ní orúkọ rẹ̀, mo kí àwọn tó ni ín, lẹ́yìn náà ni mo kí Ọ̀ṣun ní orúkọ tirẹ̀. Omi tútù nìkan ni mo fi jùbà. Mi ò ju ohunkóhun sínú odò náà, nítorí àdéhùn Auntie.

Ọ̀nà Budj Bim

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé mi rìnrìn-àjò. Ọ̀nà etí òkun kan wà, kìlómítà 243, òkè lápá kan, òkun lápá kejì. Àwọn ọmọ ogun tó bọ̀ láti ojú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló fi ṣọ́bìrì àti dígà là á, láti 1919 dé 1932, wọ́n sì fi rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú. Ọ̀nà tí a ń rìn lórí rẹ̀, ibojì ìrántí ni. Mo rí àwọn òpó àpáta tó dúró sínú òkun tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Méjìlá. Mo kà wọ́n, wọn ò pé méjìlá. Òkun ti ń jẹ wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀.

A sùn ní Warrnambool. Ibẹ̀ ni àbùùbùtán máa ń wá bímọ sí nígbà òtútù. A dúró lórí òkè, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gèlè mi lọ, a rí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ omi sókè. Ọmọ mi gbé ọmọ tirẹ̀ sókè kó lè wò ó, ọmọ ń sùn.

Ọjọ́ kejì la dé Budj Bim, ilẹ̀ àwọn Gunditjmara. Òkè kan tó ti tu iná rí láyé àtijọ́ ló da òkúta síbẹ̀. Láti ohun tó ju 6,600 ọdún lọ, àwọn Gunditjmara ti ń to òkúta náà, wọ́n ń la ojú omi, wọ́n ń ṣe ìdènà, kí ẹja gígùn tó rí bí ejò lè wọ inú rẹ̀, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Òkúta wọ̀nyẹn ṣì wà nílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Lọ́dún 2019 ni UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé, bí wọ́n ṣe kọ ti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ́dún 2005. A jẹ ẹja náà, yíyan ni, ó lọ́ràá dáadáa. Àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ló ń mú àlejò káàkiri.

Ohun tí mo gbé bọ̀

Mo dúró létí omi yẹn, inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Orí Ọ̀ṣun wa ni mo ń rò. A ní igbó, a ní ojúbọ, a ní Arugbá, a ní orúkọ nínú ìwé UNESCO. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù ti sọ omi náà di ẹrẹ̀, àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ rẹ̀ sì tún ń ju ọ̀rá àti ike sí i lẹ́yìn tí a bá bọ ọ́ tán. Àwọn tí kò sin odò fi òfin dáàbò bo tiwọn. Àwa tí a ń sin tiwa, òfin wo la ti béèrè fún?

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyí. Òrìṣà ń gbọ́ lọ́hùn-ún. Agbọn sọ bẹ́ẹ̀, bàbá sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ wa ni, ọmọ ilẹ̀ yẹn náà ni, nítorí omi tí ìyá rẹ̀ ń bù sí ìdí igi lẹ́mọ́ọ̀nù ń wọ ilẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá kí onílẹ̀, tí kò ba omi jẹ́, tí kò pa ọmọ onílẹ̀ lára, kò sí ibi tí òrìṣà ò ní bá a dé.

Àwa tí a wà nílé ló kù. Ní ọdún Ọ̀ṣun tó ń bọ̀, mo bẹ gbogbo ilé wa: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀rá tàbí ike dé etí odò. Ohun tí ilẹ̀ lè jẹ ni kí á fi bọ ilẹ̀, ohun tí omi lè gbé mì ni kí á fi bọ omi. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ ìwé sì jókòó kọ lẹ́tà sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọn awagóòlù. Èmi á kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kí Ọ̀ṣun má ṣe gbẹ mọ́ wa lójú. Kí àwọn ọmọ wa tó wà ní ìdálẹ̀ má ṣe sọnù. Kí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ gbà wọ́n bí ọmọ. Àṣẹ.